Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìjọba California Nígbà Tí Owó Kò Tó: Láti Káńtà DMV Dé Ọgbà Ìpínlẹ̀

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó ń san owó-orí àti owó láísẹ́ǹsì jẹ́ oníbàárà, ìjọba tó ń gba owó náà sì ni olùtajà. Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ tí Ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ará ibẹ̀ láàárín ọdún 2009 sí 2012, nígbà tí owó tó ń wọ àpò ìjọba náà kò tó ohun tí ó ní láti ná, tí Gómìnà Arnold Schwarzenegger, àti Jerry Brown tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2011, sì gbé ọ̀bẹ lé ìnáwó àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ náà ni mo lè dé. Àwọn tí aráàlú máa ń bá pàdé ní ojúkojú ni mo mú. Ìbéèrè tí mo gbé tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ọ̀kan lọ: owó tí a ní gígé yìí fi pamọ́, ṣé inú àpò tó gbẹ ni ó wọ̀, àbí inú àpò mìíràn? Mo ti lè sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ibi tí gígé náà ti hàn sí aráàlú jù kọ́ ni ibi tí ó ti wúlò jù.

Ó yẹ kí a mọ bí owó náà ṣe di ọ̀wọ́n. Àpò tí ìpínlẹ̀ náà fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́, ìlera àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, èyí tí n ó máa pè ní àpò gbogbogbòò, gbára lé owó-orí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń san lórí èrè ìdókòwò wọn. Nígbà tí iye ilé àti iye ìpín ìdókòwò já wálẹ̀ ní ọdún 2008, owó tó ń wọlé bá wọn já, ní àkókò kan náà tí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń pọ̀ sí i. Òfin ibẹ̀ nígbà náà sì béèrè pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ètò ìnáwó kí ó tó lè múlẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì nílò kí wọ́n tó lè fi kún owó-orí, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba aṣòfin díẹ̀ lè dá gbogbo ìpínlẹ̀ dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, wọ́n ṣe àdéhùn láti dí àlàfo $42 bílíọ̀nù, wọ́n sì fi ìdá 1 nínú 100 kún owó-orí ọjà títà. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, àwọn olùdìbò da márùn-ún nù nínú àbá mẹ́fà tí wọ́n gbé ka iwájú wọn. Èyí kan ṣoṣo tí wọ́n gbà ni èyí tó ní kí wọ́n má ṣe fi kún owó oṣù àwọn aṣòfin àti àwọn olóyè ìpínlẹ̀ lọ́dún tí owó kò bá tó, n kò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Kí oṣù Keje tó parí, àlàfo $26 bílíọ̀nù mìíràn ti là sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀, tí tọmọdé tàgbà níbẹ̀ ń pè ní DMV. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Schwarzenegger pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, tí iye wọn lé ní 200,000, máa lo ọjọ́ méjì lóṣù nílé láìgbowó, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ẹtì kìíní àti ìkẹta nínú oṣù ni wọ́n mú, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn àwọn ọ́fíìsì DMV ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n fi ọjọ́ kan kún un, ó wá di pé Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù ni káńtà máa ń wà ní títì. Owó oṣù òṣìṣẹ́ fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín kù nígbà tó jẹ́ ọjọ́ méjì, ó sì tó nǹkan bí ìdá 14 nígbà tó di mẹ́ta.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń ṣe fún oníbàárà, n kò ní sọ pé ohun gbogbo bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ sọ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dọ̀tun lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tí wọ́n ń pè ní AAA sì ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe apá kan nínú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ títì náà kì í yí padà, nítorí náà ẹni tó bá mọ kàlẹ́ńdà lè yẹra fún un. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìwakọ̀ lójú títì kò ṣe é ṣe lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú káńtà kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn kò ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì kò parẹ́. Ó ń dúró de Ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú àwọn tó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti wá ní Ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó ni lára jù ni òṣìṣẹ́ olówó wákàtí, tí ọ̀gá rẹ̀ kì í fún ní àyè láti yàn nínú ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì ní kọ̀ǹpútà nílé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìlà gígùn ló mú mi fún DMV ní máàkì tó kéré, bí kò ṣe ibi tí owó iléeṣẹ́ náà ti ń wá. DMV kì í jẹun láti inú àpò gbogbogbòò tó gbẹ. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti owó láísẹ́ǹsì tí àwọn awakọ̀ ń san ló ń bọ́ ọ, òfin sì ya àpò yẹn sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ojú pópó. Oníbàárà tó bá ilẹ̀kùn títì pàdé ní Ọjọ́ Ẹtì ti san owó iṣẹ́ náà ní kíkún, owó náà sì wà nílẹ̀. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ṣe ni pé kò tọ́ kí òṣìṣẹ́ kan máa gba owó rẹ̀ pé nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sílé, àti pé àpò gbogbogbòò lè yá lára owó tó bá ṣẹ́ kù sínú àwọn àpò àkànṣe kan. Àlàyé àkọ́kọ́ ní láárí láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Kò ní láárí kankan fún ẹni tó dúró síta ilẹ̀kùn. Ní ti èkejì, owó tí a bá yá, gbèsè ni. Ẹni tí àpò ọ̀tún rẹ̀ lu, tó wá jókòó tó ń rán tòsì, kò tíì fọwọ́ kan ihò náà.

Ọ̀ràn náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ọ́fíìsì tí owó oṣù wọn kì í tilẹ̀ í ti ọwọ́ California wá. Ẹ̀ka kan wà ní ìpínlẹ̀ náà tó ń yẹ ìwé àwọn aláàbọ̀ ara wò, kí ìjọba àpapọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìrànwọ́ fún wọn. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san gbogbo owó oṣù àti ìnáwó ẹ̀ka yìí, láìku kọ́bọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà lọ jókòó sílé. Ìpínlẹ̀ náà kò fi dọ́là kan pamọ́ nínú rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, owó oṣù tí ìbá ti ìlú Washington wọ California, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìbá sì san owó-orí lórí rẹ̀ fún ìpínlẹ̀, ni kò wọlé mọ́, nígbà tí ìwé àwọn tí ara wọn kò le ń kó jọ sórí tábìlì. Michael Astrue, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò náà nígbà yẹn, rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n yọ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìsinmi tipátipá yìí. Àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ náà pàápàá wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbélé. N kò mọ olùtajà mìíràn tí owó yóò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò sì kọ́kọ́ rán ẹni tó ń gba owó wọlé fún un lọ sílé.

Ní àwọn ibi tí kò ṣe é tì, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọn kò lè ní kí gbogbo wọ́dà lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n gé owó oṣù wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lo ọjọ́ ìsinmi náà nígbà tí àyè bá gbà wọ́n, ṣùgbọ́n àyè kì í sábà gbà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń lo ọjọ́ tipátipá náà ṣáájú, ìsinmi ọdọọdún wọn, tí òfin ní kí a san owó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń kó jọ láìlò. Apá kan nínú ohun tí ìjọba pè ní owó tí a fi pamọ́ wá jẹ́ owó tí a kàn sún síwájú, tí a ó sì san lọ́jọ́ iwájú ní iye owó oṣù ti ọjọ́ iwájú. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé ìsinmi ọ̀hún bófin mu, kì í ṣe nítorí pé gómìnà ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, bí kò ṣe pé àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí ìdínkù náà nínú ètò ìnáwó tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2009. Òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó bá ń ka èyí yóò rántí ààbọ̀ owó oṣù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò: ní Ọ̀ṣun, àwọn tó wà ní ìpele keje sísàlẹ̀ ń gba owó wọn pé nígbà tí àwọn ọ̀gá ń gba ìdajì, ní California, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n gé lára akọ̀wé kékeré àti lára ọ̀gá rẹ̀. Mo fún DMV ti Ọjọ́ Ẹtì ní máàkì 3 nínú 10, nítorí ti ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn ni ìwé gbèsè. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2009, ọ́fíìsì John Chiang, ẹni tó ń ṣàkóso sísan owó ìpínlẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìlérí ránṣẹ́ dípò sọ̀wédowó. Lẹ́yìn ọ̀wọ́n owó àwọn ọdún 1930, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì ṣe irú rẹ̀, ní ọdún 1992. Àwọn tó ń retí kí ìjọba dá àṣerégèé owó-orí wọn padà gbà á, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbà á, àwọn oníṣòwò tó ta ọjà tàbí tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba náà gbà á. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn tó yá ìpínlẹ̀ náà lówó kò gba ìwé. Owó gidi ni wọ́n gbà, nítorí pé òfin ló fi wọ́n síwájú. Èlé ìdá 3.75 nínú 100 lọ́dún ló wà lórí ìwé náà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá sì ni wọ́n dá fún sísan án. Lọ́dún yẹn, kò sí owó ìfipamọ́ lásán ní báǹkì tó sún mọ́ èlé bẹ́ẹ̀.

Àbùkù ọjà yìí kò sí lójú ìwé, ibi tí a ti lè ná an ni ó wà. Àwọn báǹkì ńlá bí Bank of America, Wells Fargo àti Chase gbà á lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn títí di ọjọ́ 10 oṣù Keje, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó tó. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kù tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn pààrọ̀ rẹ̀. Àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà kéde pé ìwé náà jẹ́ ìwé ìdókòwò lábẹ́ òfin, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ máa rà á kiri lọ́wọ́ ẹni tí ojú ń pọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà, èyí sì dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ àwọn aláǹtakùn owó. Kọngílá kékeré tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún kò lè fi ìwé ìlérí san owó oṣù wọn. Èlé ìdá 3.75 kò sì tó láti san èlé tí òun náà ń san lórí owó tó yá láti fi dípò. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà san gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti fẹnu kò ní òpin oṣù Keje, tí báǹkì JPMorgan sì yá ìpínlẹ̀ náà ní $1.5 bílíọ̀nù, sísan owó náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Gbogbo ìwé tí wọ́n fi síta tó nǹkan bí 450,000, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí $2.6 bílíọ̀nù. Máàkì 6 ni mo fún un. Kì í ṣe gígé ìnáwó rárá, ó kàn jẹ́ ìdádúró ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó jẹ́ lójú ara rẹ̀, ó dá ọjọ́, ó sì san kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ Ẹtì títì tún jẹ́ gbèsè lápá kan, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń jẹ́ ni ìfowópamọ́.

Ní ti gbàǹjo ńlá tí ìjọba náà ṣe ní Sacramento, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ní ọjọ́ 28 àti 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Wọ́n kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìjọba ti lò, tábìlì àti àga ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹrù tí àwọn agbófinró gbà sílẹ̀ jáde, wọ́n tún gbé díẹ̀ sórí eBay àti Craigslist, àwọn ìkànnì ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gómìnà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ara pátákó kékeré tó ń dí oòrùn lójú awakọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kan, kí iye wọn lè ga. Gẹ́gẹ́ bí ọjà, ó dára: èrò pọ̀, àwọn ènìyàn rí ọkọ̀ rà ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Owó tó wọlé tó nǹkan bí $1.6 mílíọ̀nù. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo $26 bílíọ̀nù, ó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo $16,000 tí ìpínlẹ̀ náà ń wá, gbàǹjo yìí mú $1 wá. Ẹrù tí a kò lò yẹ ní títà lọ́dún tí owó pọ̀ àti lọ́dún tí kò pọ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pípe kámẹ́rà wá síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìwòsàn wà.

Ó rọrùn láti ka fóònù Jerry Brown mọ́ eré kámẹ́rà kan náà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìyẹn kò tọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2011, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìbúra rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gba 48,000 fóònù alágbèéká padà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹn ìdajì nínú 96,000 tí ìpínlẹ̀ náà ń san owó lé lórí, kí ó sì parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà ló ní fóònù ìjọba lọ́wọ́. Iye tí ó retí láti fi pamọ́ ni $20 mílíọ̀nù lọ́dún, nígbà tí àlàfo ètò ìnáwó wà ní nǹkan bí $25 bílíọ̀nù, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé fóònù ni yóò dí i. Brown náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fún un ní máàkì 7 ni pé oníbàárà tó wà níwájú káńtà kò pàdánù ohunkóhun: kò sí ilẹ̀kùn tí a tì, kò sí ìwé tí a dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bíi ti gbàǹjo, ọdọọdún ni. Ní òpin oṣù yẹn kan náà ni ó tún dojú kọ àwọn ọkọ̀ tí ìjọba fún òṣìṣẹ́ láti máa gbé lọ sílé. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti gé ìdá 14 nínú owó oṣù akọ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìdajì àwọn fóònù wọ̀nyẹn ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn ọgbà ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ohun tó dára jù àti ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà. California ní ọgbà tó lé ní 270, láti etí òkun dé igbó àwọn igi ńláńlá, pẹ̀lú àwọn ilé ìtàn àti àwọn ibi ìpàgọ́. Ní ọdún 2009, Schwarzenegger dábàá pé kí wọ́n ti 220 nínú 279. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé wọ́n fi gígé wákàtí àti àtúnṣe rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, lábẹ́ Brown, wọ́n tún kéde pé 70 nínú 278 yóò di títì kí oṣù Keje ọdún 2012 tó wọlé, kí wọ́n lè fi $22 mílíọ̀nù pamọ́. Lórí ìwé, ètò náà ní làákàyè: wọ́n yan àwọn ọgbà náà tó fi jẹ́ pé 208 tó kù yóò ṣì gba ìdá 92 nínú 100 àwọn àlejò, yóò sì mú ìdá 94 nínú 100 owó tó ń wọlé wá. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí a lè fa ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní odi. Ẹni tó bá ń ti ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ wọlé kò ní pàdé géètì kankan. Ilé ìtàn tí kò sí olùṣọ́ yóò máa jò, wọn yóò máa fọ́ fèrèsé rẹ̀, iná igbó kì í sì í béèrè bóyá ọgbà wà ní ṣíṣí.

Ohun tó gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là ni àwọn aráàlú. Òfin kan tó jáde ní ọdún 2011 fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ní àyè láti máa bójú tó odindi ọgbà. Jack London State Historic Park, ilẹ̀ oko òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ní àgbègbè Sonoma, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tì; ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gba ìṣàkóso rẹ̀, wọ́n ń gba owó ìwọlé, wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n ń mú àlejò rìn yíká. Ní Henry W. Coe, àwọn olùfẹ́ ọgbà náà kó owó jọ fún ìpínlẹ̀. Sugarloaf Ridge náà bọ́ sọ́wọ́ àjọṣe àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ títì fi máa pé, àwọn ọgbà tí wọ́n rí olùrànlọ́wọ́ ti pọ̀ débi pé àtòkọ àádọ́rin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nítumọ̀ mọ́. Bí mo bá ń fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wọ̀nyí nìkan ní máàkì, 9 ni mo máa fún wọn, mo sì yọ 1 kúrò nítorí pé ọgbà tí ó wà nítòsí àwọn olówó rí ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ kíákíá ju èyí tó wà ní ìgbèríko lọ.

Lẹ́yìn náà ni oṣù Keje ọdún 2012 dé. Wọ́n rí i pé iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso àwọn ọgbà náà ní nǹkan bí $54 mílíọ̀nù nínú àpò méjì tí kò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìnáwó mọ̀ sí. Iye tí iléeṣẹ́ náà ń sọ fún ọ́fíìsì ètò ìnáwó gómìnà yàtọ̀ sí iye tó ń sọ fún ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso sísan owó, ọdún sì ti ń gorí ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀: nǹkan bí $33.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ wà nínú àpò tí òfin yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí ń gba inú igbó kọjá, kò sì ṣe é fi gba ọgbà mìíràn là. Ṣùgbọ́n $20.4 mílíọ̀nù tó kù jẹ́ ti àwọn ọgbà fúnra wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo $22 mílíọ̀nù tí títi 70 ọgbà yẹ kó fi pamọ́. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, Ruth Coleman, fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lé igbákejì rẹ̀ kan lọ. Àṣírí mìíràn ti tú ṣáájú ìyẹn: àwọn kan ní oríléeṣẹ́ ti ń sọ ọjọ́ ìsinmi wọn di owó, iye tó lé ní $271,000, láìgba àṣẹ, ní àkókò kan náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbàlagbà ń dá owó kí géètì má bàa di títì.

Ohun tí ìwádìí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà fi hàn ni pé ìyàtọ̀ inú ìwé yìí ti wà láti àwọn ọdún 1990, àti pé nígbà tí àwọn kan níbẹ̀ wá mọ̀ ọ́n, wọ́n fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé bí wọ́n bá fi hàn, wọn yóò gé owó àwọn síwájú sí i. Níbí ni mo ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn tó. Iléeṣẹ́ tó bá fi owó ṣẹ́ kù, tí a sì wá gé owó rẹ̀ lọ́dún kejì nítorí pé ó fi ṣẹ́ kù, yóò kọ́ bí a ti ń ná gbogbo rẹ̀ tàbí bí a ti ń fi í pamọ́. Gígé tó kan gbogbo ènìyàn ní ìwọ̀n kan náà, irú èyí tó ti DMV ní Ọjọ́ Ẹtì, kì í béèrè ta ló ń ṣọ́ owó àti ta ló ń fi í ṣòfò, nítorí náà kò sí ohun tí olùṣọ́ owó jèrè. Èyí kò dá àwọn tó fi owó pamọ́ láre rárá; irọ́ ni wọ́n pa fún aráàlú, wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò ní púpọ̀ dáwó fún ohun tí owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣètò ìnáwó lọ́nà tó fi jẹ́ pé òtítọ́ ń fa ìyà, òun náà ní ìpín tirẹ̀ nínú máàkì 2 tí mo fún oríléeṣẹ́ náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, òfin tuntun kan yọ nǹkan bí $20 mílíọ̀nù nínú owó tí wọ́n rí náà fún àwọn ọgbà, ó sì ka títi ọgbà kankan léèwọ̀ fún ọdún méjì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn olùdìbò, àwọn kan náà tí wọ́n ti da àbá márùn-ún nù ní 2009, gbà kí wọ́n fi kún owó-orí àwọn ọlọ́rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún ti ọjà títà, àlàfo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ìyẹn ló dí i: kì í ṣe gbàǹjo, kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì. Wọn kò dá Jack London padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ báyìí, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò yẹn náà ni yóò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ní géètì. Kí ó béèrè olùyọ̀ǹda tó ń mú àlejò rìn yíká, nítorí pé wọ́n mọ ìtàn ilẹ̀ náà ju ohun tí wọ́n kọ sára pátákó lọ.